Igi Tó Dábùú Yàrá Bàámi

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Atẹ́gùn àná ká páànù méjì kúrò lórí ilé wa bí ẹni ká ẹní. Ọ̀kan wà lọ́gbà alámùúlégbè, èkejì a ò tíì rí i. Yàrá Bàámi ló ṣí sí. Òjò rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ó rọ̀ sórí rédíò wọn, ó rọ̀ sórí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, sáré dé láti ilé ọkọ ẹ̀, ó ń bèèrè pé ta ló máa wá ẹni tó máa tún un ṣe. Mo ní kí gbogbo wọn fọkàn balẹ̀. Mo ní ta ni mi ò mọ̀ nílùú yìí? Mo ní kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, mo máa mú ẹni tó ń kan òrùlé wá, ẹni tó jẹ́ pé òjò gan-an á máa tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó rọ̀. Bàámi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín sọ́rọ̀ mi.

Ìgbà tí mo wọ yàrá lọ gbé bẹ́ẹ̀dì ni mo wo òkè. Àjà ti wọ̀ sílẹ̀ láàárín bí ikùn ewúrẹ́ tó lóyún. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Túsìdé, karùn-ún

Mo ti rí ẹni tó máa ṣe é. Obìnrin ni. Ìyá Páànù ni gbogbo ayé ń pè é. Ọkọ ẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, ó gba àkàbà, ó gba hámà, ó gba àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣòkòtò ló wọ̀, ó wé gèlè lé e. Mo ṣe bí ọ̀gá fún un, mo ní àwọn mẹ́ta mìíràn ti ń bẹ̀ mí fún iṣẹ́ yìí láti àárọ̀. Ó ní kí n lọ mú ọ̀kan nínú wọn. Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ wálẹ̀ nìyẹn.

Iye tó pè dáa. Àmọ́ ó ní òfin kan. Kò ní ṣí páànù ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé onílé bá a gun òkè àjà, kó fọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí tó fi máa tán. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́la pé Ìyá Páànù ló ba igi òun jẹ́. Mo ní Bàámi ni onílé, ẹsẹ̀ wọn ò sì lè gun nǹkan kan. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò lẹ́sẹ̀ ni?"

Mo ní mo ní méjì, Mà, wọ́n sì dáa. Ó ní Tọ́sìdeè.

Túsìdé yẹn náà, ìrọ̀lẹ́

Kí n kọ ọ́ síbí, torí mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnì kankan, inú mi sì ti fẹ́ bẹ́. Igi ńlá tó dábùú yàrá Bàámi, tó gbé òrùlé ọ̀hún dání, èmi ni mo fi ayùn rẹ́ ẹ.

Ọdún méjì rèé. Bàámi wà lọ́dọ̀ Àǹtí nítorí ẹsẹ̀ wọn. Mò ń kan ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ṣájà àti àpò fóònù, ó wá ku igi kan péré. Mo ní igi pọ̀ lókè àjà wa, ta ló ń kà wọ́n? Mo gùn ún lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́ ẹ. Ó ku nǹkan bí ìka méjì kó já, igi náà ké. Òrùlé sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, eruku dà lé mi lórí. Mo fi waya dì í, mo sá. Mi ò tilẹ̀ rí igi kankan mú. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n jalè nílé bàbá mi, mo sì jáde lọ́wọ́ òfo. Mo lọ ra igi tí mo fi parí ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀túnla obìnrin yẹn máa fi tọ́ọ̀ṣì wò ó.

Wẹ́sìdeè, kẹfà

Àǹtí mú Bàámi lọ sí ọsibítù, mo gun òkè lọ pẹ̀lú hámà, ìṣó àti pákó méjì. Mo fẹ́ fi pákó há a lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí mo fi ayùn rẹ́ ti yanu. Waya ti wọnú igi bí okùn tó wọ ẹran lọ́rùn. Mo lu ìṣó lẹ́ẹ̀kan péré, igi náà ké, bó ṣe ké lọ́jọ́ kìíní gan-an. Mi ò lu ìkejì. Mo fi àyà lélẹ̀, mi ò mí. Àlàfo kan wà nínú àjà níwájú mi, mò ń tibẹ̀ wo ìrọ̀rí Bàámi. Ìsàlẹ̀ ibi tí mo rẹ́ gan-an ni wọ́n ń gbórí lé.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo po amọ̀ pupa, mo tún gòkè. Mo fi amọ̀ dí ojú ayùn, mo fi bo waya, mo wá fà á lọ sókè sódò bí ọ̀nà ikán. Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lu ihò wẹ́wẹ́ sí i. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ náà dáa. Ikán tó bá rí i á rò pé mọ̀lẹ́bí òun ló kọ́ ọ.

Mo fọ́ gíláàsì fóònù oníbàárà kan lọ́sàn-án.

Tọ́sìdeè, keje

Ìyá Páànù dé ní aago méje, èmi àti ẹ̀ gòkè. Ó mú ṣọ́ọ̀kì dání. Igi tó bá dáa, ìlà kan. Èyí tí kò bá dáa, ìlà méjì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ń fi ìdí hámà kan igi, ó ń fetí sí i, á wá ní, "Fọwọ́ kàn án." Mò ń fọwọ́ kàn án. Mò ń pa á lẹ́rìn-ín kó lè yára, mo ní igi yìí le ju orí ọkọ Àǹtí mi lọ. Kò rẹ́rìn-ín.

A dé ìdí igi tí mo rẹ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí amọ̀ náà. Ó lu igi náà ní ìparí ọ̀tún, ó dún gbọnyin. Ó lù ú ní ìparí òsì, ó dún gbọnyin. Kò lu àárín.

"Ikán," ó ní. "Àmọ́ ara òkè ló ń jẹ, kò tíì wọnú. Ó ṣì máa gbé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi títí a ó fi pààrọ̀ ẹ̀. Fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Amọ̀ náà ò tíì gbẹ dáadáa. Mo ní, "Ikán burúkú, Mà. Wọn ò bọ̀wọ̀ fágbà." Ó fa ìlà kan.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sọ fún Bàámi pé ikán ni, kí wọ́n má bẹ̀rù. Bàámi ní ẹni tó ta igi yẹn fún àwọn búra pé òun rì í sínú òògùn ikán, àwọn sì sanwó òògùn náà lọ́tọ̀.

Ẹni tó tà á ni Onípákó, ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n ti jọ ń ta ayò dráfù kí wọ́n tó bí mi. Èyí ò sí nínú ìṣirò mi.

Sátidé, kẹsàn-án

Onípákó gbé dráfù há abíyá wá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Bàámi ò dáhùn ìkíni wọn. Bàbá náà tún kí wọn. Bàámi ní, "Igi tó o tà fún mi, ikán ti jẹ ẹ́. Gbé dráfù ẹ lọ."

Onípákó bèèrè pé igi wo. Bàbá náà wá kọjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà, bíi pé kí n bá àwọn sọ̀rọ̀. Èmi tí mo lè ta ṣájà fún ẹni tí ò ní fóònù, gbólóhùn méjì péré ni mo rí sọ. Mo ní, "Ẹ máa lọ, Bàbá. Inú wọn ò dùn ni."

Mọ́ńdè, kọkànlá

Òjò látàárọ̀. Ọ̀rá ńlá tí a fi bo ibi tó ṣí ni kò jẹ́ kó wọlé. Ìyá Páànù ní òun ò lè ṣí ilé lójú òjò. Páànù tuntun ti dé, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń dán. Ìṣó ti wọ́n sí i láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré, oníṣọ́ọ̀bù ní tí n bá dúró dọ̀la á tún wọ́n sí i. Mo yọwó títí ó fi lé mi jáde, mo padà wọlé, mo rà á ní iye tó pè.

Àǹtí ní kí Bàámi wá sùn lọ́dọ̀ òun títí wọ́n á fi parí. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn làwọn fi kọ́ ilé yìí, òrùlé ò ní lé àwọn jáde. Mo bẹ̀ wọ́n títí ohùn mi fi yí padà. Àǹtí ní ta ló kọ́ mi láàánú. Bàámi ò sì jẹ́ ká sún bẹ́ẹ̀dì wọn kúrò lábẹ́ igi náà.

Wẹ́sìdeè, kẹtàlá

Òjò. Mo gbé ìgbálẹ̀ onígi gígùn dúró lórí àpótí aṣọ Bàámi, mo fi wọn àjà. Lánàá, orí ìgbálẹ̀ náà ò kan àjà. Lónìí ó kàn án.

Tọ́sìdeè, kẹrìnlá

Eruku igi wà lórí ìrọ̀rí wọn láàárọ̀. Mo gbá a kúrò kí wọ́n tó rí i. Mi ò lè jẹun. Mo sọ fún àwọn oníbàárà mi pé mò ń sanra jù ni.

Sátidé, kẹrìndínlógún

Oòrùn yọ díẹ̀. Ìyá Páànù rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan wá wọn òkè. Ẹyẹ ni wọ́n ń pè é, torí ó ń rìn lórí igi láìdi nǹkan mú. Ẹgbẹ́ mi ni, ẹnu ẹ̀ sì mú ju tèmi lọ, mi ò sì rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà. Ó wo àwọn ṣájà mi, ó ní ṣé fóònù ni wọ́n ń gbé iná fún àbí wọ́n ń fi pa fóònù. Mo ní orí bíi tiẹ̀ yìí, ṣájà wo ló lè gbé iná dé inú ẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó mú ọ̀kan, ó ní òun á sanwó tí iṣẹ́ bá parí ní Mọ́ńdè.

Ó wá ní igi tó dábùú yàrá Bàámi lòun máa fi ṣe ọ̀nà. Òun ló gbòòrò jù, òun ló tọ́ jù, orí ẹ̀ lòun á máa gbà gbé páànù kọjá. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rù kì í bà á ni. Ó ní, "Ìyá Páànù fọwọ́ kàn án, ìwọ onílé fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù kí ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Sọ́ńdè, kẹtàdínlógún

Mo pe Ìyá Páànù lórí fóònù. Mo ní kó jẹ́ ká sún iṣẹ́ náà síwájú, ara ilé ò yá. Ó ní ara òrùlé ló kan òun. Mo ní ṣé àwọn ọmọ yẹn ò lè yà fún igi àárín yẹn. Ó ní kí ló dé. Mo ní mo lá àlá ni. Ó ní kí n yéé jẹun wúwo, ó pa fóònù.

Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ nígbà yẹn. Ó ti wà lẹ́nu mi.

Mọ́ńdè, kejìdínlógún

Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún òjò láti ìdájí.

Aago méje àbọ̀, gbogbo wọn ti dé. Ìyá Páànù ní kí Bàámi bọ́ síta. Bàámi ní tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn á jáde, kí wọ́n kọ́kọ́ ti apá ibi ìdáná bẹ̀rẹ̀, àwọn ṣì ń gbọ́ ìròyìn. Ó gbà. Bàámi wà nísàlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, rédíò ń sọ̀rọ̀. Ẹyẹ gbé okùn kọ́ èjìká, ó ní òun á kọ́kọ́ gba ọ̀nà òun kọjá lọ so okùn sódìkejì.

Èmi ni mo di àkàbà mú. Ẹyẹ gun ìgbésẹ̀ kìíní, ó gun ìkejì. Mo di ṣòkòtò ẹ̀ mú.

"Fi mí sílẹ̀, jọ̀ọ́. Ṣé o fẹ́ bọ́ mi síhòòhò níwájú àwọn ọ̀gá ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò fi í sílẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀, mo tún dì í mú. Ìyá Páànù ní kí ló ń ṣe mí.

Mo ní, "Ẹ má jẹ́ kó gòkè, Mà. Kì í ṣe ikán. Èmi ni mo fi ayùn rẹ́ ẹ. Ó ku ìka méjì."

Kò pariwo. Ó ní kí Ẹyẹ sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn kúrò lára ògiri. Ó wọ yàrá lọ pẹ̀lú Ẹyẹ, wọ́n fi àga gbé Bàámi jáde sábẹ́ òòrùn, rédíò wà lórí itan wọn, wọ́n ń bèèrè pé ṣé ilé ń jó ni. Lẹ́yìn náà òun nìkan gòkè. Ara ògiri ló ń rá gbà bí ológbò. A ń gbọ́ bó ṣe ń ha amọ̀ náà, ó ń dà sórí àjà. Ó pẹ́ lókè. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, amọ̀ pupa wà nínú èékánná ẹ̀, ó sì ní láti jókòó sórí páànù.

"Èmi ni mo sọ fún bàbá ẹ pé ikán ni," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Lọ bá mi gbà á padà lọ́wọ́ wọn."

Mo wo Ẹyẹ. Mo rò pé ó máa lù mí, kó lù mí ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ó kàn ń wo ọwọ́ mi. Ó ní, "O fọwọ́ kàn án." Ìyẹn nìkan.

Mo lọ bá Bàámi níbi tí wọ́n jókòó sí. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀, àti ayùn, àti waya, àti amọ̀. Mi ò fi ẹ̀fẹ̀ sí i. Àǹtí ti dé, ó dúró lẹ́yìn mi, ó káwọ́ lórí. Bàámi pa rédíò. Wọ́n ní oṣù wo ni mo rẹ́ ẹ. Mo sọ ọ́.

Wọ́n ní, "Oṣù tí mo ti ọ̀dọ̀ Àǹtí ẹ dé nìyẹn. Oṣù tó o kó ẹní ẹ kúrò ní yàrá mi lọ sí pálọ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"O ní mò ń hanrun."

Mo tẹjú mọ́ ẹrẹ̀.

"Mo sọ fún dókítà pé mò ń hanrun, kò jẹ́ kọ́mọ mi sùn. Ó fún mi lóògùn. Títí dòní ni mò ń lò ó." Wọ́n gbé rédíò sílẹ̀. "Ṣé mo máa ń hanrun?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Wọ́n ní kí Àǹtí gbé àga wọn yí, kí wọ́n má máa wò mí.

Túsìdé, kọkàndínlógún

Wọ́n fi òpó irin mẹ́ta ti igi náà láti inú yàrá kí wọ́n tó ṣí páànù. Nígbà tí wọ́n yọ waya, igi náà já fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìró ẹ̀ dé ọ̀nà. Ẹyẹ dúró ń wò ó, ó bọ́ fìlà.

Bàámi wà lọ́dọ̀ Àǹtí. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀.

Fúráìdeè, kejìlélógún

Bàámi rán Àǹtí sí mi pé kí n lọ bá Onípákó. Èmi nìkan.

Àárín pákó ni mo bá bàbá náà, wọ́n ń wọn igi fún oníbàárà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́. Wọ́n ń wọn igi lọ. Wọ́n wọn igi mẹ́ta kí wọ́n tó gbójú sókè. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe rẹ́ ẹ jìn tó. Mo ní ó ku ìka méjì, sà.

Wọ́n na ìka wọn méjì síwájú ojú wọn, wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀.

"Ìka méjì," wọ́n ní. "Ó gbé òrùlé fún ọdún méjì. Lọ sọ fún bàbá ẹ pé igi mi dáa."

Mo lọ sọ ọ́. Bàámi ní kí Àǹtí bá àwọn wá bàtà, àwọn ń lọ sílé Onípákó.

Sátidé, ọgbọ̀njọ́

Òrùlé parí. Ó tọ́, ó ń dán, èèyàn lè fi wojú. Ẹyẹ sanwó ṣájà ẹ̀. Mo ní kó máa mú un lọ, ó kọ̀, ó kó owó lé orí tábìlì, kò bá mi ṣàwàdà.

Ìyá Páànù ní kí onílé wá fọwọ́ kan igi tuntun. Mo ti gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà. Ó ní, "Kì í ṣe ìwọ." Àǹtí ló bá a gòkè, ó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Èmi di àkàbà mú nísàlẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn Ìyá Páànù lókè: "Fọwọ́ kàn án. Fọwọ́ kàn án. Eléyìí náà, fọwọ́ kàn án."

Túsìdé, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Bàámi padà sílé lánàá. Lọ́sàn-án òní, òjò ńlá dé pẹ̀lú atẹ́gùn. Mo dúró sí pálọ̀, mò ń retí kí omi kán. Kò kán. Wọ́n pe orúkọ mi. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn lẹ́nu wọn.

Wọ́n ní, "Gbé ẹní ẹ wá."

Mo gbé e wá. Mo fẹ́ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ tọ́ka sí àárín yàrá, abẹ́ igi tuntun náà gan-an. Mo tẹ́ ẹ síbẹ̀, mo dùbúlẹ̀, mo kọjú sókè. Àrá sán, gbogbo ara mi fò. Mo mọ̀ pé igi náà dáa. Mo rí i nígbà tí wọ́n ń gbé e, èèyàn mẹ́rin ló gbé e. Síbẹ̀ mi ò lè dijú.

Mo wo Bàámi. Wọ́n ti yíjú sógiri, wọ́n ti sùn. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí òjò fi dá.